Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nínú aṣálẹ̀: kí ni màmá fẹ́ máa ṣe níbẹ̀?

Ìbéèrè: Olùkọ́ fẹ̀yìntì kan láti Ìbarà, ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé pé ọmọ òun obìnrin àti ọkọ rẹ̀, tí wọ́n ń gbé ní ìlú Phoenix ní ìpínlẹ̀ Arizona, ti háyà ọkọ̀ ńlá kan tí ó ní ibùsùn, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ nínú, irú èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní RV. Wọ́n ní kí òun wá bá àwọn rìn nínú aṣálẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, láti ìparí oṣù kìíní títí wọ inú oṣù kẹta. Ẹni ọdún 64 ni màmá náà, ó sì kọ ọ́ pé òun fẹ́ràn àdìrẹ. Ó ní ọkọ ọmọ òun a máa ṣa òkúta kiri, ọmọ ọmọ òun tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 9 sì ti kó tirẹ̀ kún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó wá béèrè pé, "Kí ni èmi fẹ́ máa ṣe níbẹ̀, yàtọ̀ sí kí n jókòó sínú ọkọ̀ kí n máa wo iyanrìn? Bí mo bá sì ṣèèṣì rí ohun kan he, ṣé mo lè gbé e bọ̀ wálé?"

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò, màmá. Ìbéèrè méjì ni ẹ kọ, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ni mo kà wọ́n sí, nítorí pé ohun tí ènìyàn bá fi ń gbafẹ́ nínú aṣálẹ̀ ni ó ń pinnu ohun tí ojú rẹ̀ yóò tó. Iṣẹ́ ìmọ̀ nípa òkúta ni mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe ní Abẹ́òkúta yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti rìn nínú aṣálẹ̀ Arizona àti California, ẹ̀ẹ̀kan nínú rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ onílé irú èyí tí àwọn ọmọ yín háyà. Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ kò ní jókòó lásán.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba ọ̀nà ilé wọ ọ̀rọ̀ náà. Gbogbo wa ni a mọ ẹdùn àrá. Àgbẹ̀ ń kọ ebè lọ́wọ́, ọkọ́ rẹ̀ á kan òkúta dúdú kan tí ó ń dán, tí ẹnu rẹ̀ mú bí ti àáké. Yóò gbé e lọ fún àwọn oníṢàngó, tàbí kí ó jù ú sínú agolo nínú yàrá. Àwọn onímọ̀ nípa ohun àtijọ́ gbà pé púpọ̀ nínú àwọn òkúta wọ̀nyí jẹ́ àáké tí àwọn tí ó gbé orí ilẹ̀ yìí kí irin tó dé fi ọwọ́ ara wọn lọ̀ títí ó fi dán. N kò bá ẹlẹ́sìn jà lórí rẹ̀. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé bí ẹ bá bi ẹni tí ó ni ín lónìí pé inú oko wo ni ó ti jáde, pé báwo ni ó ti jìn tó nínú ilẹ̀, pé ṣé èédú tàbí àfọ́kù ìkòkò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò mọ ọ̀kankan. Òkúta wà lọ́wọ́, ìtàn rẹ̀ ti lọ. Ìdajì ohun tí a bá rí he ni ibi tí a ti rí i.

Ẹ wá fi wé ti Dufuna. Ní 1987, darandaran Fúlàní kan ń gbẹ́ kànga ní abúlé Dufuna, ní agbègbè tí ó di ìpínlẹ̀ Yobe lónìí, ni irinṣẹ́ rẹ̀ bá kan igi líle ní nǹkan bí mítà 5 sísàlẹ̀. A dúpẹ́ pé wọn kò là á fi dáná. Ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn onímọ̀, wọ́n sì wá wú igi náà ní ibi tí ó sùn sí gan-an, tí wọ́n ń wo ìpele amọ̀ àti iyanrìn tí ó bò ó mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni ó jẹ́, tí ó gùn ju mítà 8 lọ, tí ọjọ́ orí rẹ̀ sì tó nǹkan bí 8,000 ọdún; a kò tíì mọ ọkọ̀ ojú omi mìíràn ní ilẹ̀ Áfíríkà tí ó dàgbà jù ú lọ. Ká ní wọ́n ti gbé e lọ sí ìlú mìíràn kí ẹnikẹ́ni tó béèrè, ẹ̀rọ ì bá ṣì lè sọ ọjọ́ orí igi náà, ṣùgbọ́n ta ni ì bá sọ fún wa pé ibi tí màlúù ti ń wá omi kiri lónìí ni àwọn ènìyàn ti ń wa ọkọ̀ lórí omi nígbà náà? Ilẹ̀ tí ó yí i ká ni ó sọ ọ́.

Ìdí tí mo fi sọ ìtàn méjèèjì yìí ni pé inú aṣálẹ̀ ni ènìyàn ti ń rí nǹkan he jù. Kò sí koríko tí yóò bo ilẹ̀, kò sí òjò tí yóò fi ewé jíjẹrà bò ó, atẹ́gùn a sì máa gbá erùpẹ̀ kúrò lọ́dọọdún. Ohun tí ẹnì kan jù sílẹ̀ ní 1,000 ọdún sẹ́yìn lè wà ní gbangba bí ìgbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ẹ má sì retí iyanrìn lọ́tùn-ún lósì bí ti inú fíìmù o. Púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí ẹ máa rìn lórí rẹ̀ jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ tí ó tò mọ́ra wọn pẹ́kípẹ́kí bí táìsì, tí ojú wọn dúdú tí ó sì ń dán nítorí pé èròjà irin àti mánganíìsì ti lẹ̀ mọ́ wọn díẹ̀díẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Láàárín wọn ni igi saguaro dúró sí, tí ó jọ ọrọ́ tí a fi ń ṣọgbà nílé, àmọ́ tí ó lè ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ. Ní àkókò tí ẹ ń lọ yìí, oòrùn ọ̀sán kò ní ju ti ọyẹ́ wa lọ, ṣùgbọ́n òtútù òru á wọ eegun. Ẹ gbé súẹ́tà méjì àti ìbọ̀sẹ̀ dání.

Ó dá mi lójú pé wọn yóò mú yín dé Quartzsite, ìlú kékeré kan tí ó wà ní nǹkan bí 200 kìlómítà sí ìwọ̀ oòrùn Phoenix. Lóṣù kìíní àti oṣù kejì, àwọn ọkọ̀ onílé a máa rọ́ dé ibẹ̀ bí ìgbà tí ọjà Ìtòkú bá kún, àwọn tí ń ta òkúta iyebíye a sì tẹ́ àtẹ títí kan ojú òpópónà. Ẹ ra díẹ̀ bí ó bá wù yín. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ dé itẹ́ òkú ìlú náà, kí ẹ wo ibojì kan tí wọ́n fi òkúta kọ́ ṣóńṣó bíi pírámíìdì, tí ère ràkúnmí wà ní téńté rẹ̀. Ọkùnrin ará Síríà kan tí ń jẹ́ Hadji Ali ni ó sùn síbẹ̀. Ó bá àwọn ràkúnmí tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà rà dé ní 1856, láti fi dán an wò bóyá wọ́n lè máa ru ẹrù la aṣálẹ̀ já, ó sì kú ní 1902. Ahọ́n àwọn ará ibẹ̀ kò lè yí "Hadji Ali", wọ́n sọ ọ́ di "Hi Jolly", orúkọ yìí ni wọ́n sì kọ sí ibojì Àlùhájì náà títí di òní.

Nísinsìnyí, ohun ìgbafẹ́. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má dá a sílẹ̀ fún ọkọ ọmọ yín nìkan. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo òkúta. Àárọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ jáde, nígbà tí oòrùn ṣì wà nísàlẹ̀, kí ẹ sì kọ ojú sí oòrùn náà, nítorí pé òkúta tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá á máa tàn bí iná àtùpà láàárín àwọn dúdú. Ní agbègbè Quartzsite, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ jasperi àti kalkedoni, àwọn tí ẹ ti ń ka orúkọ wọn nínú Ìfihàn orí 21 láti ìgbà èwe yín. Jasperi a máa pupa tàbí kí ó pọ́n bí ẹyin ẹyẹ etù, kì í gba ìmọ́lẹ̀ kọjá. Kalkedoni funfun bí omi ògì tí ó silẹ̀, òmíràn a sì ká wọnú ara rẹ̀ bí òdòdó. Ẹ gbé e, ẹ fi omi díẹ̀ tàbí itọ́ pa á lára (gbogbo wa là ń fi itọ́ pa á, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín), kí ẹ sì wo àwọ̀ rẹ̀ kí ó tó gbẹ. Ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ ha á: bí ọ̀bẹ kò bá ràn án, tí òun sì ń ha ìgò, ẹbí jasperi àti kalkedoni ni. Bí ọ̀bẹ bá ha á, tí ó sì ń hó díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹ kán fínígà sí i, òkúta ẹfun ni, ìbátan èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò fún sìmẹ́ǹtì. Òòfà kékeré tí ọmọdé lè yọ nínú sípíkà tí ó ti bàjẹ́ náà wúlò, nítorí pé òkúta tí ó já láti ojú ọ̀run sábà máa ń ní irin nínú. Ṣùgbọ́n òkúta dúdú mìíràn tí kò kúrò ní ayé rí náà a máa fa òòfà, ẹ má tíì pe ìpàdé ẹbí.

Ibi tí èmi fi orí gbá nìyí. Lọ́jọ́ kan, mo ṣa òkúta rúmúrúmú kan tí ó tó ìkúùkù, tí kò ní ẹwà kankan lójú, mo sì jù ú sínú báàgì pẹ̀lú àwọn yòókù. Mo gbé e délé, mo bẹ ọ̀kan nínú àwọn tí ń gé mábù fún ibojì ní Kútọ̀ pé kí ó fi ẹ̀rọ là á fún mi. Nígbà tí ó là á, àwa méjèèjì kò lè sọ̀rọ̀: òrùka funfun, òrùka eérú, òrùka aláwọ̀ ọ̀run, wọ́n yí ara wọn ká bí àdìrẹ alábẹ́rẹ́ tí wọ́n tú okùn rẹ̀, àárín rẹ̀ sì ṣófo, ó kún fún kírísítálì tí ń tàn. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ onímọ̀ bíi tèmi gbà á lọ́wọ́ mi, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, "Ibo ni o ti rí i?" Ibi márùn-ún ni a ti dúró lọ́jọ́ náà. N kò lè dá a lóhùn. Ó rọra gbé e kalẹ̀, ó yí ọ̀rọ̀ padà. Orí ìwé ni ó wà lónìí, òun ni ó ń di bébà mi mọ́lẹ̀ bí fáànù bá ń fẹ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó tẹ̀ síwájú, ẹ ra ìwé kékeré kan àti gègé. Ohunkóhun tí ẹ bá mú, ẹ kọ nọ́ńbà sí i lára pẹ̀lú ọ̀dà funfun, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà kan náà sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́, orúkọ ẹni tí ó rí i, àmì ibi náà láti inú fóònù, àti gbólóhùn kan nípa ilẹ̀ tí ó wà: "Nọ́ńbà 7. Ọjọ́ kẹta oṣù kejì. Ọmọ wa ni ó rí i. Lábẹ́ òkè pupa, ní ojú àgbàrá gbígbẹ, láàárín òkúta dúdú. Ẹyọ kan ṣoṣo ni." Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ọjọ́ gbogbo kọ́ ọmọ ènìyàn ní bí a ṣe ń kọ̀wé kò nílò kí n kọ́ yín. Ẹ gbé iṣẹ́ náà lé ọmọ ọlọ́dún 9 lọ́wọ́, inú rẹ̀ yóò dùn.

Ọ̀rọ̀ òfin ló kù, ẹ sì ní sùúrù fún mi níbẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀ kì í ṣe tuntun sí ará Abẹ́òkúta. Aṣálẹ̀ yẹn dà bí ẹni pé kò sí ẹni tí ó ni ín, ṣùgbọ́n kò sí apá rẹ̀ kan tí kò ní onílẹ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń jẹ́ Bureau of Land Management, tí wọ́n ń gé kúrú sí BLM. Lórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ yìí, ọkọ̀ onílé lè dúró fún ọjọ́ 14 láìsan owó, ènìyàn sì lè ṣa òkúta níwọ̀nba fún ìgbafẹ́ ara rẹ̀, kì í ṣe fún títà. Igi tí ó ti di òkúta ní ìwọ̀n tirẹ̀: nǹkan bí kìlógíráàmù 11 lójúmọ́ pẹ̀lú ẹyọ kan lé e, kí àpapọ̀ ọdún kan má sì ju nǹkan bí kìlógíráàmù 113 lọ. Òkúta ojú ọ̀run kò gbọdọ̀ ju nǹkan bí kìlógíráàmù mẹ́rin ààbọ̀ lọ lọ́dún. Ìkarahun àtijọ́ tí ó wọ́pọ̀ àti àmì ewé nínú òkúta kò burú. Egungun ẹranko tí ó ti di òkúta, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá rí òpó kékeré tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní igun ilẹ̀ kan, ẹnì kan ti gba ẹ̀tọ́ ìwakùsà síbẹ̀, ẹ yà. Ilẹ̀ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, ìjọba tiwọn ni ó ń bójú tó o, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Nínú ọgbà ìtura orílẹ̀-èdè, ẹ kò gbọdọ̀ mú ohunkóhun, ìbáà ṣe òkúta tí ó kéré bí ẹ̀wà. Àní ìyẹ́ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ẹyẹ ibẹ̀, òfin 1918 kan wà tí kò jẹ́ kí ènìyàn mú un lọ sílé.

Èyí tí ó yẹ kí n tẹnu mọ́ jù ni ohun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe. Òfin Amẹ́ríkà ti 1979 dáàbò bo ohun àtijọ́ tí ó bá ti lé ní 100 ọdún lórí ilẹ̀ ìjọba: àfọ́kù ìkòkò, ọlọ, òkúta tí wọ́n gbẹ́ àwòrán sí. Ó ṣẹlẹ̀ pé ọdún 1979 kan náà ni Nàìjíríà ṣe òfin tiwa tí ó ní kí ẹni tí ó bá rí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé fi tó ìjọba létí. Bí ẹ bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ tàbí gègé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ìwọ̀n rẹ̀ lè hàn, ẹ kọ ibi tí ó wà, kí ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ sì sọ fún ọ́fíìsì ìjọba tí ó ń ṣọ́ ilẹ̀ náà.

Bí àyè bá gbà yín láti gòkè lọ sí àríwá Arizona, ẹ lọ wo Petrified Forest. Ibẹ̀ ti wà lábẹ́ ààbò ìjọba láti 1906. Igi ńláńlá ni ó sùn sílẹ̀ níbẹ̀ tí ẹ máa rò pé àwọn agégi ṣẹ̀ṣẹ̀ gé wọn sílẹ̀, ẹ fọwọ́ kàn wọ́n, òkúta ni. Ó ju 200 mílíọ̀nù ọdún lọ tí odò gbé wọn wá tí ẹrẹ̀ àti eérú òkè ayọnáyèéfín sì bò wọ́n. Omi inú ilẹ̀ tí ó ní èròjà òkúta kuọ́ọ̀sì wọ inú wọn, ó sì fi òkúta dípò igi díẹ̀díẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ṣì lè ka òrùka inú òmíràn. Ó ti pẹ́ tí àwọn àlejò ti ń jí mú nínú wọn. Nígbà tó bá yá, ẹ̀rí ọkàn á máa dà wọ́n láàmú, wọn á fi páálí òkúta náà ránṣẹ́ padà pẹ̀lú lẹ́tà ẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn alábòójútó kò lè tún un tẹ́ sílẹ̀, nítorí pé kò sẹ́ni tí ó mọ ojú ibi tí wọ́n ti mú un, bí wọ́n bá sì jù ú síbikíbi, àwọn onímọ̀ tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò ka ìtàn èké. Òkìtì kan ni wọ́n ń kó o jọ sí lẹ́bàá ọ̀nà tí àlejò kì í gbà. Mo rántí òkúta mi tí ó wà lórí ìwé nígbà tí wọ́n sọ fún mi.

Ohun tí ó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ìrìn mi, n kò wá a rárá. Ní Anza-Borrego, ní California, mo jókòó lórí òkúta ńlá kan láti gbọn iyanrìn kúrò nínú bàtà. Mo fi ọwọ́ òsì ti ara mi lẹ́yìn, ọwọ́ náà sì rì sínú ihò kan. Inú rẹ̀ jìn tó ìgbọ̀nwọ́, ó rí róbótó, ó sì dán bí inú odó ìyá àgbà. Mo yí ojú padà, mo rí òmíràn, mo tún rí méjì sí i. Odó ni wọ́n lóòótọ́: àwọn obìnrin ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀, ẹ̀yà Kumeyaay àti Cahuilla, a máa jókòó sórí òkúta bẹ́ẹ̀ láti gún èso igi mesquite di ìyẹ̀fun. Ẹ̀yin náà ti gun Olúmọ. Ẹ ti rí àwọn kòtò tí wọ́n máa ń fi han àlejò lára àpáta, níbi tí àwọn ìyá wa tí ó sá ogun wá ní nǹkan bí 1830 ti ń lọ oúnjẹ. Ẹnu yà mí. Òkúta méjèèjì tilẹ̀ jọra, akọ òkúta oníhóró funfun àti dúdú. Mo jókòó ti àwọn odó náà títí oòrùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀, àwọn tí a jọ lọ rò pé mo ti sọnù.

Bí ilẹ̀ bá ṣú, iṣẹ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ra tọ́ọ̀ṣì kan tí iná rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí wọ́n fi ń yẹ owó ayédèrú wò ní báńkì. Ẹ tàn án sórí ilẹ̀ lóru, àwọn kalkedoni Arizona kan lè mọ́lẹ̀ bí ewé tútù, nítorí ìwọ̀nba yuréníọ́mù bíńtín tí ó wà nínú wọn. Àkekèé náà yóò mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an. Wọn kì í sábà jáde nígbà òtútù, ṣùgbọ́n bí oṣù kẹta bá ti ń wọlé, kí ẹ máa gbọn bàtà kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ pa tọ́ọ̀ṣì, ẹ jẹ́ kí ojú yín mọ òkùnkùn fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ wo òkè. Ìràwọ̀ kan wà tí kì í kúrò lójú kan ní àríwá, èyí tí àwọn atukọ̀ fi ń mọ ọ̀nà. Ní Abẹ́òkúta, ìwọ̀n 7 péré ni ó fi ga kúrò nílẹ̀, òrùlé àti èéfín ti bò ó, bóyá ẹ kò sì rí i rí. Ní Phoenix, ó ga tó ìwọ̀n 33. Ẹ lè fi ìkúùkù wọn ọ́n pẹ̀lú ọmọ náà: bí ẹ bá na ọwọ́ gbọọrọ, ìkúùkù kan tó nǹkan bí ìwọ̀n 10. Bí ẹ bá padà délé, ẹ tún wọn ọ́n láti orí Olúmọ.

Fún ọ̀sán tí ẹsẹ̀ bá ro yín, èyí ni mo rò pé yóò wọ̀ yín lára jù, nítorí pé ẹ kọ ọ́ pé ẹ fẹ́ràn àdìrẹ. Wọ́n ń ta bébà àti aṣọ kan tí wọ́n ti fi èròjà irin pa, èyí tí oòrùn máa ń sọ di búlúù. Láti 1842 ni wọ́n ti mọ ọgbọ́n náà. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ to ewé gbígbẹ tí ó ti já fúnra rẹ̀ tàbí òkúta sí i lórí, ẹ fi í sí oòrùn aṣálẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, kí ẹ sì fi omi ṣàn án. Ibi tí ohun náà bò á funfun, ìyókù á di búlúù bí aró tí ó gbó dáadáa. Omi díẹ̀ tí kò ní ọṣẹ nínú tó o.

Mo dárúkọ omi. Nínú ọkọ̀ onílé, omi ni ọba. Ẹ ka lítà 4 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ fún mímu àti oúnjẹ nìkan. Ẹ̀yin mẹ́rin á mu lítà 112 ní ọ̀sẹ̀ kan kí ẹnikẹ́ni tó wẹ̀. Omi ìdọ̀tí àti ti ilé ìyàgbẹ́ ní táńkì tiwọn, ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ni wọ́n ti ń tú u. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gúnlẹ̀ sí ojú àgbàrá gbígbẹ, bí ó ti wù kí ibẹ̀ tẹ́jú tó, nítorí pé òjò tí ó rọ̀ sórí òkè jíjìnnà tí ẹ kò tilẹ̀ rí lè sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín. Ihò ìwakùsà àtijọ́ pọ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ẹ má wọ ọ̀kankan. Ejò ibẹ̀ kan wà tí ń mi ìrù bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ìbátan paramọ́lẹ̀ wa. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ dúró, ẹ wá ibi tí ohùn náà ti ń jáde, kí ẹ tó rọra fà sẹ́yìn. Ní tèmi, ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ wa yà kúrò lójú ọ̀nà sórí iyanrìn rírọ̀, táyà rì. Wákàtí mẹ́ta ni a fi jo atẹ́gùn táyà kúrò, tí a fi ọwọ́ gbẹ́lẹ̀, tí a sì fi kápẹ́ẹ̀tì inú ọkọ̀ tẹ́ ẹ kí ó tó jáde. Kápẹ́ẹ̀tì náà kò wúlò mọ́.

Bí ó bá wá di gbígbé òkúta bọ̀ wálé: èyí tí òfin gbà, tí ó ní nọ́ńbà, tí kò wúwo jù fún báàgì yín, ẹ fọ erùpẹ̀ ara rẹ̀ dànù pátápátá, ẹ fi ìwé ìròyìn wé e, kí ẹ gbé e. Mẹ́wàá tí ẹ mọ ìtàn rẹ̀ tó. Kí ẹ tó lọ, ẹ fi ìrọ̀lẹ́ kan gun Olúmọ pẹ̀lú awò tí ń mú nǹkan tóbi, ẹ wo àpáta náà ní ìwọ̀n ìka kan: hóró funfun tí ó dà bí yìnyín, hóró pupa rẹ́súrẹ́sú tí ó ń kọ mànà ní ẹ̀gbẹ́ kan, àti dúdú pẹlẹbẹ tí ń tàn bíi díńgí. Ojú tí ó bá ti mọ ti ilé kò ní pẹ́ mọ ti Arizona.

Ní ti àwọn òkúta abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ ọmọ yín, ẹ pè é lórí fóònù lónìí, kí ó kó wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sọ ibi tí ó ti rí ìkọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀yin sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tí kò bá rántí, kí ó fi di ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà mú nígbà tí wọ́n bá gúnlẹ̀, nítorí pé atẹ́gùn ibẹ̀ a máa gbá a gan-an.